Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ wa: Ta ló ní Àǹtí kì í ṣe tiwa?

Sí Alága, Bàbá Ìsàlẹ̀, Ìyá Ẹgbẹ́, Akọ̀wé, Akápò àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa, àríwá London.

Ẹ̀yin àgbà, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́, ẹ kú ìnáwó.

Ní ìpàdé tá a ṣe ní Sunday kejì oṣù tó kọjá, Akọ̀wé ka orúkọ àwọn tí ẹgbẹ́ fẹ́ fún ní àmì ẹ̀yẹ nínú àjọ̀dún wa ní October. Orúkọ mẹ́sàn-án ló kà. Mẹ́wàá la fi ránṣẹ́. Ti Àǹtí ni wọ́n yọ, obìnrin ọmọ Jàmáíkà tó ń ṣe ilé-ìwé Sátidé nítòsí Seven Sisters. Nígbà tí mo béèrè ìdí, ohùn kan dáhùn láti iwájú pé: "Kì í ṣe ọmọ wa. Àwọn Jàmó ní ẹgbẹ́ tiwọn." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. A sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí.

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń gbé ẹ̀rín yẹn sùn. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Akọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò dá mi lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè bá wa kà á. Ọkùnrin tó ń ta ilẹ̀ fún wa ní Ìbẹ̀jú wà nínú àwọn mẹ́sàn-án tó kù. Ọ̀pọ̀ wa ti sanwó, a ò tíì fojú kan ilẹ̀. Mi ò bá a jà. Mo kàn ń sọ ẹni tí àyè gbà.

1. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ mi, torí orí rẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ èmi àti Àǹtí ti bẹ̀rẹ̀.

Dàdá ni ọmọ mi. Bó ṣe wáyé ni irun rẹ̀ ti ta kókó. Ìyá mi pè láti Ọ̀ṣogbo pé kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ kàn án, wọ́n sì fi owó ẹyọ mẹ́ta rán ẹni tó ń bọ̀ ní London. Mo so ó mọ́ ọn lórí títí tó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kí n tó tú u tí mo kó o pamọ́ sínú àpótí.

Ní 2019 ó wọ ilé-ìwé girama. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ tí lẹ́tà fi dé: irun rẹ̀ lòdì sí òfin ilé-ìwé, kí n gé e kó tó di Monday. Mi ò gé e. Wọ́n mú ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n fi í sí yàrá kan ní òun nìkan, wọ́n kọjú tábìlì rẹ̀ sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Kò jókòó ní kíláàsì, kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹun. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, ó lọ mú síṣọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé ẹja, ó nà án sí mi. Ó ní, "Mummy, ẹ gé e. Ó ti sú mi."

Ta ni mo pè? Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pè. Ẹnìkan nínú yín ní kí n má bá òyìnbó fa wàhálà, pé irun á tún hù. Ẹlòmíràn ní kí n gbé ọmọ lọ bá wòlíì kí wọ́n gbàdúrà sí i kí wọ́n tó gé e. Aládùúgbò mi kan, ọmọ Ghana, ló fún mi ní nọ́ńbà Àǹtí.

Àǹtí wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àpò náílọ̀n kan. Ìwé ìdájọ́ ló wà nínú rẹ̀, ó ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ọ̀pọ̀ ìlà. Ní 2009, ilé-ìwé kan ní London dá ọmọkùnrin kan padà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ torí pé ó di irun. Ọmọ ìran Caribbean ni, àṣà ilé wọn sì ni kí ọkùnrin máa dirun. Ìdílé rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ní 2011, ilé ẹjọ́ gíga dá a láre pé ilé-ìwé tó bá fòfin de irun bẹ́ẹ̀ láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, láìbìkítà fún àṣà ìdílé ọmọ, ń ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Àǹtí bi mí pé kí lẹ̀ ń pe irú irun yìí nílé yín. Mo ní Dàdá. Mo sọ fún un pé àwa a máa kì í ní Dàdá olówó ẹyọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n fi àmì sí i fún òun, kí òun má baà pè é ní ìpèkúpè níwájú wọn. Ó ní, "Owó ẹyọ náà ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà?" Mo ní ó wà. Ó ní kí n mú un dání.

Kò pariwo ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Mo ti rò pé yóò pariwo. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa nípa wọn nìyẹn. Ó kó owó ẹyọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ ìwé ìdájọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní: "Ìyá ìyá ọmọ yìí ló fi èyí ránṣẹ́ láti Nàìjíríà kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí wọn, kí ẹ ṣàlàyé ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ gé irun ọmọ wọn." Ọ̀gá wo owó ẹyọ, ó wo bírò pupa. Ó ní òun máa bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Ní Friday, ọmọ mi padà sí kíláàsì. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní October 2022, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àti ìdọ́gba ní Britain ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìlànà sí àwọn ilé-ìwé pé fífòfin de irun tí Ọlọ́run dá mọ́ adúláwọ̀, irun dídì àti irun Dàdá lè ta ko òfin. Mo fi han Àǹtí. Ó ní, "Wọ́n ti dé. Ẹ fún wọn ní àga."

2. Àǹtí ò kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó wá bá ìyá rẹ̀ ní London, ní 1966. Wọ́n dán an wò nílé-ìwé. Wọ́n fi àwòrán ẹ̀rọ omi hàn án, wọ́n ní kí ló ń jẹ́. Ó ní "pipe", torí bí wọ́n ṣe ń pè é ní abúlé rẹ̀ nìyẹn. "Tap" ni wọ́n fẹ́ gbọ́, wọ́n bá ṣì í fún un. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n bi lọ́mọdé, kí lẹ̀ bá sọ? "Pọ́ǹpù" ni. Ẹ̀yin náà ì bá gba òdo.

Bí wọ́n ṣe kó o lọ sí ilé-ìwé ESN nìyẹn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n ní ọpọlọ wọn ò gbé ìwé. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ló ń wá kó wọn láràárọ̀. Àǹtí sọ fún mi pé òun máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sábẹ́ fèrèsé bọ́ọ̀sì náà títí wọ́n á fi kúrò ní àdúgbò, kí àwọn tí wọ́n jọ ń ta òkúta lójú títì má baà rí òun. Nǹkan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún! Síbẹ̀, bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń sọ ejìká kalẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní 1971, Bernard Coard, ọmọ Grenada tó ń kọ́ni ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ní London, kọ ìwé pélébé kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìṣirò àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ London fúnra wọn ló gbé jáde: ní 1967, ọmọ àwọn tó ti òkè òkun wá jẹ́ bíi 15 nínú 100 ní ilé-ìwé gbogbogbòò, ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé ESN, wọ́n lé ní 28. Nínú mẹ́rin wọn, mẹ́ta ló jẹ́ ọmọ West Indies, ìyẹn Caribbean. Ohun tí Coard padà lọ ṣe nínú ìjọba Grenada, ìtàn mìíràn nìyẹn, kò sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn ò tìtorí ẹ̀ yí padà. Àwọn òbí ra ìwé náà, wọ́n tún lọ béèrè ọmọ wọn. Ó di 1981 kí òfin tó jáde tó fagi lé orúkọ ESN pátápátá.

Àǹtí kò mọ̀wé kà ní ilé-ìwé ìjọba. Inú pálọ̀ obìnrin kan ará Barbados ló ti mọ̀ ọ́n, ní ọjọ́ Sátidé, láàárín àga tìmùtìmù àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní obìnrin náà kì í gbowó. Òun náà kì í gbà.

3. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ná West Green Road, ó dájú pé ẹ ti gba La Rose Lane kọjá. Kó tó di January 2023, Black Boy Lane ni wọ́n ń pe òpópónà náà. Àwọn kan ò fẹ́ kí wọ́n yí i padà, wọ́n gbé orúkọ àtijọ́ kọ́ ara ilé wọn. Mo bi ẹni mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ wa pé ta ni La Rose. Ẹnìkan ní òdòdó ni.

John La Rose ni, ọmọ Arima ní Trinidad. 1961 ló dé London. Ní 1969, àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ Haringey ń gbèrò láti fi ìdánwò pín àwọn ọmọ káàkiri ilé-ìwé girama. Ìwé àṣírí kan jò síta. Wọ́n kọ sínú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ pé òjò máa ń rọ̀, pé gbogbo ènìyàn ló gbà pé làákàyè àwọn ọmọ West Indies kéré sí ti ọmọ òyìnbó ẹgbẹ́ wọn. Àwọn òbí inú North London West Indian Association, tí La Rose wà láàárín wọn, pèpàdé, wọ́n kọ̀wé, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi títí wọ́n fi pa ètò náà tì. Lọ́dún kan náà ni La Rose dá ilé-ìwé Sátidé sílẹ̀, ó fi orúkọ George Padmore, ọmọ Trinidad tó jà fún òmìnira Áfíríkà, sọ ọ́. Ilé ìtẹ̀wé rẹ̀, New Beacon, ló sì tẹ ìwé Coard jáde. Ní 1969 yẹn náà ni Yvonne Conolly, ọmọ Jàmáíkà, di obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní London, ní Holloway níbí. Ẹnìkan lérí pé òun máa dáná sun ilé-ìwé náà. Ó lọ síbi iṣẹ́.

Àwa ńkọ́? Níbo làwa Yorùbá wà nígbà yẹn?

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àwọn bàbá wa ń kọ́ òfin, àwọn ìyá wa ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tọkọtaya ń ṣiṣẹ́ alẹ́, onílé kò sì fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ. Wọ́n polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n fi ọmọ sọ́dọ̀ òyìnbó ní Kent àti Sussex, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lójú wọn, ọdún mẹ́rin péré ni, a ó kó ìwé ẹ̀rí wa, a ó padà sílé. Ẹni tó ń di ẹrù kì í bá onílé jà lórí òrùlé tó ń jò. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Bí èmi náà bá wà níbẹ̀, ohun tí mo máa ṣe nìyẹn. Àwọn ará Caribbean ló ti rí i pé àwọn ò lọ mọ́, àwọn ló sì gun òkè òrùlé.

Nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé tó fún Nàìjíríà lọ́rùn, wá fọ́n wa jáde ní ìparí àwọn ọdún 1980, a dé, a fi ọmọ wa sílé-ìwé, a rí i pé kò sí bọ́ọ̀sì kankan tó ń wá kó wọn. A rò pé bó ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn.

4. Mo mọ èsì tí àwọn kan ti dì sílẹ̀: "Ọmọ tiwa ń mọ̀wé. Ọmọ tiwọn ni wọ́n ń lé nílé-ìwé."

Òótọ́ ni pé wọ́n ń lé wọn. Ìwádìí tí Timpson ṣe fún ìjọba ní 2019 sọ pé, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ìṣẹ́ àti àwọn ìdí mìíràn kúrò nínú ìṣirò, ọmọ Caribbean ṣì wà nínú ewu àti di ẹni tí wọ́n lé pátápátá ní ìlọ́po 1.7 ju ọmọ òyìnbó lọ. Tí ìṣẹ́ kò bá ṣàlàyé rẹ̀, kí ló kù? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ronú sí i. Ní December 2020, ní Hackney, ọlọ́pàá bọ́ ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan, ọmọ ọdún 15, sí ìhòhò nínú ilé-ìwé rẹ̀ torí wọ́n ní ó ń rùn bí igbó. Wọn ò pe ìyá rẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan. Ìwádìí tó jáde ní March 2022 sọ pé ó ṣeé ṣe kí ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà nídìí rẹ̀. Ṣé ẹ rò pé wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín bóyá ọmọ Ìjẹ̀bú ni?

Mímọ̀wé tí ẹ ń sọ gan-an, ẹ jẹ́ ká wò ó. Ìwé ìdánwò GCSE, ìdánwò tí ọmọ ń ṣe ní nǹkan bí ọmọ ọdún 16, méjì ló wà fún ìṣirò: ti òkè, tí máàkì rẹ̀ dé 9, àti ti ìsàlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá ní kó ṣe ti ìsàlẹ̀, bó gba gbogbo ìbéèrè tán láìṣì ọ̀kan, 5 ló máa rí gbà. Kò lè gba 6 láéláé, torí kò sí i nínú ìwé yẹn. Mélòó nínú wa ló mọ̀ ọ́n? Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ wa mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Àǹtí lọ́jọ́ kan, pé kó bá a tún èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe. Àǹtí bi í pé, "Ìṣirò ńkọ́, ìwé wo ni wọ́n ní kó ṣe?" Bàbá ò mọ̀ pé ìwé méjì ni. Olùkọ́ sọ fún un pé ọmọ náà "ń gbìyànjú dáadáa", ó sì ti dúpẹ́. Lọ́jọ́ Monday tó tẹ̀ lé e, Àǹtí bá a lọ. Wọ́n yí ìwé padà fún ọmọ náà. Ó gba 8. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń kà ní yunifásítì báyìí, a ti jẹ ìrẹsì rẹ̀. Bàbá náà jókòó níwájú lọ́jọ́ ìpàdé. Kò rẹ́rìn-ín, mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀rọ̀.

Tí wọ́n bá wá lé ọmọ pátápátá ńkọ́? Àwọn alábòójútó ilé-ìwé ní láti jókòó lórí ẹjọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ ìwé 15. Òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ sọ tẹnu rẹ̀, kó sì mú ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ dání. Tí wọ́n bá kọ̀, ó tún ní ọjọ́ ìwé 15 mìíràn láti béèrè ìgbìmọ̀ tí kò ṣe ti ilé-ìwé náà. Òbí tí kò bá mọ̀, tó ń gbààwẹ̀ tó ń retí iṣẹ́ ìyanu, ọjọ́ á kọjá lórí rẹ̀. Àǹtí ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tó fi ń ka àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo ṣí i lọ́jọ́ kan nígbà tó lọ sè tíì. Adé, Olú, Ayọ̀, Tèmi, Ìfẹ́: orúkọ tiwa ju tiwọn lọ.

5. Ẹ ní kì í ṣe ọmọ Yorùbá.

Ní Westmoreland, ní Jàmáíkà, ìletò kan ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó débẹ̀ ló gbé orúkọ náà lọ. Ní Trinidad tí La Rose ti wá, wọ́n ṣì ń ké pe Ṣàngó àti Ọ̀ṣun. Mo lè fi ìyẹn ro ẹjọ́ Àǹtí, mi ò sì ní ṣe é. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti kó baba ńlá Àǹtí. Bó bá di dandan kó ní ẹ̀jẹ̀ wa lára ká tó lè kí i pé ẹ ṣeun, a jẹ́ pé ìmoore wa ti di ogún tí à ń pín láàárín ìdílé.

Ní Ọ̀ṣogbo tí mo ti wá, Susanne Wenger wá láti Austria, ó bá wa tún igbó Ọ̀ṣun ṣe, igbó tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2005. Àdùnní Olórìṣà là ń pè é títí tó fi kú ní 2009. A ò béèrè pé ọmọ ta ni. Ẹ̀yin náà ẹ ti bá wọn ya fọ́tò nílé Ọba níbi tí wọ́n ti ń fi òyìnbó joyè. Kí ló wá dé tí Jàmáíkà ò fi tó? Mi ò fẹ́ dáhùn ìbéèrè yẹn fúnra mi. Ẹ dá mi lóhùn.

Lórí October tí ẹ mú, Akyaaba Addai-Sebo, ọmọ Ghana, ló dá oṣù ìtàn adúláwọ̀ sílẹ̀ ní Britain níbí ní 1987. Èmi ni mo bá ẹgbẹ́ kọ fọ́ọ̀mù tá a fi gba owó ìrànwọ́ àjọ̀dún wa. "Ìtàn adúláwọ̀" la kọ sí i. Mi ò rántí pé a kọ "Yorùbá nìkan" síbì kankan.

6. Ní Cardiff, wọ́n ṣe ère fún Betty Campbell, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Wales. 2021 ni wọ́n ṣí i. 2017 ló ti kú. La Rose kú ní 2006, 2023 ló ní òpópónà. Ó dára, mi ò ní kò dára. Ṣùgbọ́n Àǹtí ti lé ní ọdún 65, orúnkún ń dùn ún, ó ṣì ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ilé-ìwé kiri nítorí ọmọ wa. A mọ òkú sin, àwa Yorùbá. Kò sẹ́ni tó lè bá wa du ìyẹn.

Ohun tí mò ń béèrè rèé, mo sì fẹ́ kí wọ́n dìbò lé e ní ìpàdé tó ń bọ̀:

Kí ẹ dá orúkọ Àǹtí padà sórí ìwé, kí Alága fúnra wọn ka iṣẹ́ tó ṣe síta lọ́jọ́ náà, kì í ṣe kí Ẹ̀mísì sáré pè é láàárín orin méjì.

Kí ẹ kọ ìdí tí ẹ fi yọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ohun tí Akọ̀wé kọ báyìí ni "a jíròrò, a fẹnu kò". A ò jíròrò. Ẹ̀rín la rín.

Kí ẹ ṣí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ilé-ìwé Sátidé láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán. Èyí ló ká mi lára jù, torí náà ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀ṣì tí Àǹtí ń lò ti fi owó kún owó iyàrá, kò lè san án mọ́, wọ́n sì ti fún un lọ́jọ́ tó máa kó jáde. Gbọ̀ngàn tiwa ṣófo ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni àwọn oníjó ń dé. Kò sí aṣọ ẹbí kankan tí àwọn ọmọ yẹn máa fi iṣẹ́ àmúrelé bà jẹ́. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù owó iná, èmi àti ìyá mẹ́rin mìíràn ti ṣetán láti dá a.

Kí ẹ yan ẹni méjì nínú ẹgbẹ́, kí wọ́n máa tẹ̀ lé Àǹtí lọ síwájú àwọn alábòójútó ilé-ìwé, kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ti fi orúkọ mi sílẹ̀. Ó ku ẹnìkan, ó sì máa dára kó jẹ́ ọkùnrin, torí àwọn bàbá wa kì í yọjú síbẹ̀ àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ìwé ẹ̀rí.

Àwo onígíláàsì tí ẹ fẹ́ kọ orúkọ sí, ẹ lè fún àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Mo ti bi Àǹtí rí pé tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni kó ṣe. Ó ní yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti tán.

Kò mọ̀ pé mò ń kọ lẹ́tà yìí. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé a kọ orúkọ òun sílẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé a yọ ọ́. Ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ, ó ní kí n bá òun wá ọkùnrin méjì tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n lè bá òun kó tábìlì mẹ́fà àti pátákó ìkọ̀wé kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó di ọjọ́ 28 oṣù yìí. Mo bi í pé ibo ló fẹ́ kó wọn lọ. Ó ní òun ò tíì mọ̀, kí á kọ́kọ́ kó wọn jáde ná. Mo ní màá bi ẹgbẹ́ wa.

Èmi ni,
Ìyá Dàdá,
Tottenham.